Àwòrán Dúdú, Ooru Kò Pé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Fífi Irin àti Òòfà Tọ́jú Jẹjẹrẹ Ọpọlọ

Ní Berlin, Jámánì, ni wọ́n ti gbé ìtọ́jú yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní glioblastoma (kókó jẹjẹrẹ ọpọlọ tó le gan-an). Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ta omi tí ẹ̀rún irin tíntìntín wà nínú rẹ̀ sínú kókó náà (mílílítà kan ní irin mílígíráàmù 112), wọ́n á wá gbé orí aláìsàn sáàárín òòfà oníná tó ń yí padà nígbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí irin lè gbóná.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n fi òòfà yà) dúdú bí ìdí ìkòkò níbi tí kókó wà. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dà ni?

Irin ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń da òòfà MRI rú débi pé àmì tí ẹ̀rọ fẹ́ gbà ti kú kó tó gbà á. Dúdú yẹn sì máa ń tóbi ju ibi tí irin wà gan-an lọ, ẹ má fi wọn nǹkan kan. MRI tí ẹ ó fi mọ ààlà kókó, kí ẹ ti yà á kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, CT (àwòrán inú ara tí wọ́n fi ìtànṣán X yà) ni kí ẹ yà, kí ẹ gbé àwòrán méjèèjì lé ara wọn. Irin á funfun lórí CT. Ẹ̀jẹ̀ tuntun náà ń funfun, àmọ́ kì í sábà kọjá 90 lórí òṣùwọ̀n Hounsfield, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe funfun tó lórí CT. Irin tó ki ń ré kọjá ìyẹn dáadáa. Èyí tó fọ́nká ló lè jọ ẹ̀jẹ̀. Bí aláìsàn bá ń sùn jù tàbí tí apá kan rẹ̀ rọ, ẹ mú un bí ẹ̀jẹ̀ ná.

Ìbéèrè: CT fi hàn pé irin pọ̀ tó, síbẹ̀ 39°C ni ooru dúró sí, kò tó bá a ṣe fẹ́. Kí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí orí wáyà tó ń wọn ooru wà lórí CT. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí irin, ooru ẹran ara lásán lẹ̀ ń kà. Bó bá wà níbi tó yẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ìtòsí lè máa gbé ooru lọ. Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: CT ń ka irin, kì í ka ooru. Irin tó dì mọ́ra nínú ẹran ara kò lè yí fàlàlà bíi ti inú ìgò, nítorí náà ooru tí wọ́n wọ̀n ní yàrá ìdánwò kì í bá a dọ́gba.

Ẹ fi ohun tí wáyà kà tún iye ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ooru ṣe, kí ẹ wá gbé agbára òòfà sókè díẹ̀díẹ̀, láàárín 2 sí 15 kA/m (òṣùwọ̀n agbára òòfà). Òòfà náà ń mú ẹran ara tí kò ní irin gbóná. Bí aláìsàn bá ní ibì kan ń jó òun, ẹ dín agbára òòfà kù. Orí lè fara dà á ju ikùn lọ torí pé kò fẹ̀ tó o: bí fífẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìgbóná yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìbéèrè: Eyín tí wọ́n fi irin dí ńkọ́?

Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi sẹ̀rámíìkì rọ́pò rẹ̀ ṣáájú. Ó lè gbóná, ó sì ń fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí CT.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ̀ bí kókó bá tún ń hù?

Irin náà kì í tètè kúrò, MRI ibẹ̀ kò ní wúlò mọ́. PET (àwòrán tó ń fi ibi tí oògùn onítànṣán kó jọ sí hàn) tó ń lo FET, oògùn tí kókó máa ń fà mọ́ra, ni kí ẹ fi wò ó, kí ẹ sì ti ya ọ̀kan ṣáájú abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ máa fi wé e. Ẹ sọ èyí fún aláìsàn kó tó tọwọ́ bọ̀wé.