Omi Odò Tó Ń Wọ Adágún Ìsédò: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Odò tó ń ṣàn máa ń gbé ìdọ̀tí kọjá lọ. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tí wọ́n ti sé e nítorí iná mànàmáná, eré rẹ̀ á dín kù, ohun tó gbé wá á sì rì. Ẹ̀yin tí oko yín wà lókè odò ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù: ajílẹ̀ tí òjò wọ́ kúrò lóko yín lónìí lè wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ajílẹ̀ la kọ́kọ́ mẹ́nu bà torí pé àwọn èèyàn kì í fura sí i. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ tó ń bọ́ irè oko náà ló ń bọ́ ewéko inú omi. Omi á di àwọ̀ ewé, ojú oró á sì gbòde. A máa ń ṣàdúrà pé ká lékè bí ojú oró ṣe ń lékè omi, àmọ́ tó bá bo adágún pátá, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò ní ráyè wọlé. Nígbà tí ewéko wọ̀nyí bá kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ wọ́n á lo ọ́síjìn inú omi tán. Ọ̀pọ̀ ẹja nílò bíi mílígíráàmù 5 ọ́síjìn nínú lítà omi kan. Tí ẹ bá rí ẹja tó ń yọ ẹnu sókè ní ìdájí, ọ́síjìn ti ń tán nìyẹn, torí ewéko kì í mú un jáde lóru.

Lóko

Ẹ fi koríko àti igi sílẹ̀ létí odò, ó kéré tán mítà 10. Tí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ́, ẹ fi kún un. A mọ̀ pé ó máa ń dunni láti fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ bá ro kan omi, odò á máa bù ú lọ díẹ̀díẹ̀, iyanrìn rẹ̀ á sì máa jẹ irin ẹ̀rọ tó ń mú iná wá. Ẹ kọ ebè dábùú ìdagẹ̀rẹ́. Ẹ má fọ́n ajílẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó.

Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn sínú odò láéláé. Ẹ ṣan ike oògùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ fín in sóko, kí ẹ wá dá ike náà lu kí ẹnikẹ́ni má bàa fi pọnmi.

Nílé

Àgbàrá òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dọ̀tí gan-an. Ẹ jẹ́ kí omi tòrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì jẹ́ kó hó gidi fún ìṣẹ́jú 1. Ìṣẹ́jú 3 ni fún ẹni tó ń gbé níbi tó ga ju mítà 2,000 lọ. Sísè ń pa kòkòrò àrùn, àmọ́ kì í mú oògùn oko kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú májèlé inú omi aláwọ̀ ewé kúrò. Omi tí ìfófó bá bo ojú rẹ̀ bí ọ̀dà, ẹ má mu ún, ẹ má fi wẹ̀, ẹ má sì fún ẹran ọ̀sìn.

Etí adágún tí omi ò ti ṣàn, tí koríko sì pọ̀ sí, lè ní àwọn ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Awọ ara ni kòkòrò yìí ń gbà wọlé. Ẹ má ṣe tọ̀ tàbí yàgbẹ́ sínú omi, torí ibẹ̀ ni àwọn ìgbín náà ti ń kó o. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oògùn tó ń jẹ́ praziquantel ń wò ó.