Rélè ń dún, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kò ṣiṣẹ́

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ àpótí tó ń darí pọ́ǹpù kànga wa, mo ṣàkíyèsí pé bí omi táńkì bá ti lọ sílẹ̀, rélè inú rẹ̀, ìyẹn súìṣì kékeré tí iná ń ṣí tó sì ń pa, máa ń dún kọ̀, síbẹ̀ contactor, súìṣì ńlá tó ń fi iná ránṣẹ́ sí mọ́tò pọ́ǹpù, kò gbé. Díẹ̀ ló kù kí n dá a padà fún ẹni tó tà á. Nígbà tí mo fi mítà wọn COM àti NO, ojú méjì tí rélè máa ń so pọ̀ bó bá ṣiṣẹ́, sí neutral (wáyà tí iná ń gbà padà), òdo ni mo bá lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ wáyà ara wọn, tí mo sì yí mítà sí ibi tó máa ń pariwo bí ojú méjì bá so pọ̀, ó ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí rélè bá pa pọ̀.

Àpótí àtijọ́ jẹ́ wet contact, tó ń fi iná 220 ránṣẹ́ jáde fúnra rẹ̀. Dry contact ni tuntun yìí, kò ní iná tirẹ̀, ńṣe ló kàn ń so wáyà méjì pọ̀ bíi súìṣì ara ògiri. Mo pa iná pátápátá, mo fa wáyà tó ní iná láti ara fíùsì ańpù 2 wá sí COM, mo gba NO lọ sí A1, ojú kan kọ́ìlì tó ń mú contactor gbé, mo sì so A2, ojú kejì rẹ̀, mọ́ neutral. Bí mo ṣe tan iná padà, contactor gbé, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Iná mọ́tò fúnra rẹ̀ kò gba inú rélè kékeré yẹn kọjá o. Bó bá gba ibẹ̀, yóò jó rélè náà.