Pléyà Ni Kó Tú Ohùn, Àbí Risífà? Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tó Ní Hóòmù Tíátà

Risífà tòkúnbọ̀, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn fíìmù tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà, pọ̀ ní ọjà wa báyìí. Ẹlòmíràn á ra tirẹ̀, á so sípíkà márùn-ún àti wúfà mọ́ ọn, á so pléyà, ẹ̀rọ tó ń lu dísìkì fíìmù, mọ́ ọn, á fi fíìmù sí i, sípíkà iwájú méjì nìkan ni yóò máa dún. Tàbí kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ má tíì gbé e padà fún ẹni tó tà á. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ohun tó bàjẹ́. A ò tíì sọ fún pléyà àti risífà èwo nínú wọn ló máa tú ohùn ni.

Kí á tó lọ jìnnà: risífà tó ti Amẹ́ríkà dé sábà máa ń jẹ́ oní-120 volt. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná. Bí 120 nìkan ló kọ síbẹ̀, ẹ fi step-down sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iná ilé wa á jó o.

Ohun tó wà lórí dísìkì

Wọ́n ti di ohùn fíìmù kí wọ́n tó kó o sórí dísìkì, bí ìgbà tí a di aṣọ mọ́nú àpótí kó má baà gba àyè. Lórí DVD, Dolby Digital tàbí DTS ni wọ́n sábà fi ń dì í. 5.1 tí ẹ ń rí lára páálí, márùn-ún ibẹ̀ ni sípíkà iwájú mẹ́ta àti ti ẹ̀yìn méjì, .1 sì ni ti wúfà. Nígbà tí Blu-ray, irú dísìkì tó tẹ̀lé DVD, dé ní 2006, Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio bá a dé. Àwọn méjì yìí kì í sọ nǹkan kan nù: bí a bá tú wọn, ohun tí wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́ ní sítúdíò la máa bá níbẹ̀. Dolby Digital àti DTS àtijọ́ máa ń gé díẹ̀ dànù kí ohùn lè wọlé.

Nínú mẹ́nù pléyà, lábẹ́ Audio, ẹ máa rí Bitstream àti PCM. Bitstream ni pé kí pléyà gbé ohùn náà ránṣẹ́ bó ṣe wà ní dídì, kí risífà tú u. PCM ni pé kí pléyà tú u fúnra rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí tó dára jù. Ní tèmi, fún TrueHD àti DTS-HD Master Audio, ẹni tó tú u kò já mọ́ nǹkan kan, torí ìṣirò kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣe, èsì kan náà ni wọ́n sì ń rí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀kan ròkè ju èkejì lọ, ẹ wò ó bóyá DRC wà ní títàn lápá kan. DRC ló ń tẹ ariwo ìbọn mọ́lẹ̀, tó ń gbé ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sókè. Ó wúlò lóru tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Lọ́sàn-án, ẹ pa á. Etí a máa tètè gbà pé èyí tó ròkè ló dáa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yí risífà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀

Bí kò bá ní ihò HDMI, tó jẹ́ optical ló ní, wáyà tí iná pupa máa ń tàn lẹ́nu rẹ̀ yẹn, Bitstream ni kí ẹ yàn. Wáyà optical kò lè gbé ju PCM ti sípíkà méjì lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá yan PCM níbẹ̀ ló ń gbọ́ iwájú méjì nìkan. Àmọ́ ó lè gbé Dolby Digital tàbí DTS ti 5.1 bí wọ́n bá ṣì wà ní dídì. Ẹ má bẹ̀rù bí dísìkì yín bá jẹ́ ti TrueHD: Dolby Digital máa ń bá TrueHD rìn lórí Blu-ray, DTS lásán sì wà nínú DTS-HD, èyí ni pléyà máa fi ránṣẹ́. Kódà, Dolby Digital ti Blu-ray lè gbé ohùn tó pọ̀ ju ti DVD lọ: ó lè dé 640 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti DVD kì í kọjá 448.

Bí ó bá ní HDMI, ṣùgbọ́n tí kò sí àmì TrueHD tàbí DTS-HD lójú rẹ̀, ẹ yan PCM. Ibí yìí ni pléyà ti wúlò jù lọ. Wáyà HDMI lè gbé PCM ti ọ̀nà mẹ́jọ, nítorí náà pléyà á tú TrueHD, risífà àtijọ́ yẹn á sì kàn gbé e jáde láìmọ orúkọ rẹ̀. PlayStation 3 onísanra àkọ́kọ́, ẹ̀rọ géèmù tó tún ń lu Blu-ray, kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà mìíràn: kò lè fi TrueHD ránṣẹ́ ní dídì, àfi kó tú u. PlayStation 3 Slim tó jáde ní 2009 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe méjèèjì. Àwọn risífà kan wà tí HDMI wọn ń gba àwòrán kọjá lásán tí kì í gba ohùn. Bí ti yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi wáyà optical kún un, kí ẹ padà sí Bitstream.

Bí risífà bá jẹ́ ti Dolby Atmos tàbí DTS:X, tí ẹ sì so sípíkà mọ́ àjà, Bitstream ni, kò sí àní-àní. Ìtọ́ni tó ń sọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan máa gbà kọjá lókè orí wà nínú ẹrù tí a dì náà. Pléyà tó bá tú u sí PCM á da ìtọ́ni yẹn nù.

Àwọn ohun tó máa ń dà á rú

Secondary Audio, tí àwọn pléyà kan ń pè ní BD Audio Mix. Bí ó bá wà ní títàn, pléyà gbọ́dọ̀ tú ohùn kó lè po ìró mẹ́nù àti àlàyé olùdarí fíìmù mọ́ ọn, lẹ́yìn náà á tún un dì sí Dolby Digital tàbí DTS. Ẹ máa yan Bitstream, dísìkì á jẹ́ TrueHD, síbẹ̀ Dolby Digital ni risífà á máa kọ. Ẹ pa á.

Tẹlifíṣọ̀n tó wà láàárín. Ẹ má so pléyà mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí tẹlifíṣọ̀n tó fi ohùn ránṣẹ́ sí risífà. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ ohùn di ti sípíkà méjì kó tó jáde, ARC lásán, ọ̀nà tí tẹlifíṣọ̀n fi ń dá ohùn padà sí risífà nínú wáyà HDMI, kò sì lè gbé TrueHD. eARC, ẹ̀yà rẹ̀ tó tún tuntun jù, ló lè gbé e. Láti pléyà sí risífà, láti risífà sí tẹlifíṣọ̀n.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ ti fíìmù bọ̀ ọ́, kí ẹ wo ojú risífà. Bí ẹ bá yan Bitstream, orúkọ ohùn dísìkì náà ló yẹ kó kọ. Bí ẹ bá yan PCM, Multi Ch tàbí PCM ló máa kọ. Bí ó bá jẹ́ Stereo tàbí 2.0 lẹ rí, ẹ lọ wo mẹ́nù dísìkì gan-an, torí àwọn fíìmù kan máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn sípíkà méjì títí a ó fi yan 5.1 fúnra wa.