Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ, Kí A sì Tà Á ní Iye Tó Yẹ Ẹ́

Aládìrẹ tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun pa owó wọlé, kí iṣẹ́ náà má sì parun, ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí oníbàárà mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ tí a fi ọwọ́ ya àti ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń kó wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nítorí pé ojú kan ṣoṣo àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni a ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, sí, aró a máa mu ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, tí yóò fi dúdú minimini, tí ọnà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní hàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti aṣọ ẹ̀rọ, àwọ̀ ẹ̀yìn kì í sábà ki tó ti ojú. Àdìrẹ oníko yàtọ̀ sí èyí o, torí pé dídì ni a ń dì í, ọnà rẹ̀ sì máa ń hàn lójú méjèèjì. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn aṣọ kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì gbé méjèèjì sórí Instagram tàbí WhatsApp pa pọ̀.

Ẹ so ìwé pélébé kan mọ́ aṣọ náà, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó yà á, ìlú rẹ̀, orúkọ ọnà, àti irú aró tí ẹ lò sí i. Bí ó bá jẹ́ èlú, ìyẹn aró ìbílẹ̀ tí a fi ewé ṣe, ẹ kọ èlú; bí ó bá jẹ́ aró oyìnbó, ẹ má pè é ní èlú. Ẹ fi kún un pé omi tútù ni kí a fi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí a sì sá a síbi òjìji. Bí ọnà náà bá jẹ́ Ìbàdàn Dùn, ẹ ṣàlàyé òpó gbọ̀ngàn Mápó tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ni yóò fẹ́ mọ̀.

Ní ti òfin, ọnà àtijọ́ bí Ìbàdàn Dùn àti Olókun kì í ṣe ti ẹnì kan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 dáàbò bo irú ogún ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọnà tuntun tí ẹ fúnra yín dá sílẹ̀ ni ẹ lè pè ní tiyín, nítorí náà ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́yà rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹgbẹ́ aládìrẹ lápapọ̀ forúkọ àmì òwò kan sílẹ̀ ní Àbújá ju kí kálukú máa dá ṣe é lọ.

Bí ẹ bá ń dá iye lé e, ẹ má fi ti ayédèrú ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ṣírò aṣọ funfun, láfún, álọ́ọ̀mù àti aró, kí ẹ sì ka gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi yà á, tí ẹ fi rẹ ẹ́ léraléra, tí ẹ fi sá a, títí dé ìgbà tí ẹ ha ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀.

Ẹ tún fi fóònù gba ohùn àwọn ìyá àgbà tó mọ bí a ṣe ń gún ewé èlú, bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé aró inú ìkòkò ti tó rẹ aṣọ. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbà á, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́.