Aṣọ Ìbora Tí Mo Fi Àkísà Ìyá Mi Rán

Ọdún kan lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, èmi àti àbúrò rẹ̀ tí mo ń pè ní Àǹtí jókòó ti àpótí páànù rẹ̀ nílé wa l'Ókè-Àdó. Iró àdìrẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òmíràn ti ya ní ìdí, òmíràn ti jẹ débi pé téèyàn bá gbé e sókè, yóò rí ojú fèrèsé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní ká kó àwọn tó ti gbó dànù. Àǹtí ní, "Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èyí tó o fẹ́ kó dànù yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi lò jù."

Mi ò lè jiyàn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí aṣọ ìbora kan tí mo máa ń wo àwòrán rẹ̀. Missouri Pettway ló rán an lọ́dún 1942 ní Gee's Bend, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ Alabama, l'Amẹ́ríkà. Ọkọ rẹ̀ ló kú, ló bá kó aṣọ iṣẹ́ ọkùnrin náà, ó gé wọn, ó rán wọn pọ̀, ó sì ń fi bora. Nínú gbogbo aṣọ alábùlẹ̀ tí mo ti rí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Kò fi ibi tó ti ṣá pa mọ́. Mo pinnu pé èmi náà yóò rán ti ìyá mi.

Fífọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Aró máa ń bọ́, kò sì yẹ kó bọ́ sára aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rẹ ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú omi tútù, mo ń da omi nù títí ó fi mọ́, lẹ́yìn náà mo tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun ní tútù láti wò ó bóyá yóò ṣì kùn ún. Àwọn ògbólógbòó tí wọ́n fi èlú rẹ kò bọ́ mọ́ rárá. Àwọn tuntun ló dà mí láàmú. Ọ̀kan mu omi márùn-ún.

Mo fi páálí ṣe ìwọ̀n onígun mẹ́rin, ínǹṣì 9 ní ìbú àti òró. Mo fi ínǹṣì kan sílẹ̀ fún rírán, ìdajì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí aṣọ tó ti gbó máa ń tú létí. Bó bá di rírán tán, ínǹṣì 8 ni yóò kù. Ẹyọ 8 ní ìbú, 10 ní òró.

Àlùmọ́gàjí ń lọ dáadáa títí mo fi kan Ìbàdàndùn. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò mọ̀ ọ́n: òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ló wà lára rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. Ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n tì bọ ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya irú rẹ̀, wọ́n á wá ti aṣọ náà bọ aró, ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Bí mo bá gé e ní ínǹṣì 9, àwọn òpó Mápó á já sí méjì. Ọwọ́ mi kò gbà á. Mo gé e lódindi ní ínǹṣì 25, ó gba àyè ẹyọ mẹ́sàn-án. Nítorí pé ìlà mẹ́jọ ni mo ní, kò lè bọ́ sí àárín gan-an: ẹyọ mẹ́ta wà lósì rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún. Ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe ńlá tí mo ṣe ni pé mo kọ́kọ́ to ẹtù, irú aṣọ òkè kan, mọ́ àárín àdìrẹ. Ẹtù wúwo, bí mo ṣe gbé e nílẹ̀ báyìí ló fa àdìrẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya. Mo tú gbogbo rẹ̀. Ojú aṣọ òkè àtijọ́ kì í sábà fẹ̀ púpọ̀, bí ínǹṣì 4 ni, nítorí náà mo yí i ká etí bó ṣe wà láìgé e, mo sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ tì lẹ́yìn àwọn àdìrẹ tó ti jẹ.

Ooru Ìbàdàn kò gba aṣọ ìbora tó nípọn. Búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ kan ni mo fi sí àárín, mo ra aṣọ òwú funfun ní Gbági fún ẹ̀yìn. Mo tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn ní pálọ̀, mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gún wọn pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa rán bọ̀ sí etí. Etí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ni àárín bá wú bí àkàrà. Alẹ́ méjì ni mo fi tú u.

Bí mo ṣe ń rán an, agọ̀ eégún agbo ilé bàbá mi ló ń wá sí mi lọ́kàn. Aṣọ tuntun ni wọ́n máa ń fi kún un, wọn kì í bọ́ ti àtijọ́ kúrò.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Nígbà tí Àǹtí wá wò ó, kò tètè sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ni ti ìkómọ àbúrò rẹ, èyí ló máa ń ró lọ sí ọjà Ọjẹ́, èyí ló fi pọ̀n ọ́. Èyí tó ní wọ́n fi pọ̀n mí yẹn, mo ti kọ́kọ́ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé ó ti ṣá jù.

Òun náà ló kọ́kọ́ já, lóṣù tó kọjá. Mo wá èérún rẹ̀ nínú àpótí, mo fi lẹ̀ ẹ́.