Kélọ́ìdì etí: ọ̀bẹ nìkan kọ́ ló ń wò ó

Kì í ṣe gbogbo àpá tó wú ni kélọ́ìdì. Àpá kan wà tó máa ń ga tó sì máa ń le, àmọ́ tí kì í kúrò lójú ibi tí egbò wà. Irú èyí sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì, ẹ má sáré gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Kélọ́ìdì ní tiẹ̀ máa ń ràn kọjá ojú egbò: ihò yẹtí tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lè di kókó tó tó ẹ̀kùrọ́.

Gígé e kò le. Kó má padà wá ni iṣẹ́. Bí wọ́n bá gé e lásán láìfi ìtọ́jú mìíràn tì í, bí ìdajì ló máa ń padà, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, èyí tó padà sì lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Egbò tuntun ni ojú abẹ náà ṣáà jẹ́ lójú ara. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà pé kí wọ́n gé e, ẹ bi dókítà pé: "Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, kí ló kàn?" Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ dìde.

Bí kókó náà bá kéré, abẹ́rẹ́ triamcinolone, oògùn sitẹ́rọ́ìdì tó ń mú kókó rọlẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, mílígíráàmù 10 sí 40 nínú mílílítà kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra. Inú kókó gan-an ni wọ́n ń gún un sí. Ó máa ń le láti tì wọlé ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá ń wọlé wọ̀ọ̀, ó ṣeé ṣe kó ti bọ́ sí abẹ́ kókó, ẹran ara tó dára níbẹ̀ lè jó rẹ̀yìn. Awọ àyíká rẹ̀ náà lè funfun fún ìgbà díẹ̀.

Bí ó bá wá di gígé, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àti àgbo. Ẹni tó ń mu sìgá, kó dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Bí kókó bá ń yọ ọyún, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ìyẹn ná. Lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ lidocaine ni wọ́n fi ń mú etí kú, ẹ kò ní sùn. Dókítà tó mọ iṣẹ́ lè ṣí awọ orí kókó, kó yọ ohun líle inú rẹ̀, kó wá fi awọ yẹn bo ojú ibẹ̀, kí ohunkóhun má bàa fa á. Fífà yẹn ló ń jí kélọ́ìdì, òun ló sì jẹ́ kí ti àyà àti èjìká ṣòro ju ti etí lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni wọ́n máa ń tú òwú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já a sílẹ̀, nítorí etí ti mọ́ lójú. Abẹ́rẹ́ triamcinolone á tún bẹ̀rẹ̀, lóṣooṣù, fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí egbò bá ti san, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo yẹtí tó ń fún etí, ó kéré tán wákàtí 12 lójúmọ́, fún oṣù mẹ́fà sókè. Bí ibẹ̀ bá funfun tàbí tó ń dunni, ó ti fún jù, ẹ dẹ̀ ẹ́ kó má dá egbò sí i. Bí ó bá sì ń yọ̀ bọ́, kò ṣiṣẹ́.

Ti èyí tó ti padà lẹ́ẹ̀kan rí, ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) wà, àmọ́ láàárín wákàtí 24 sí 48 tí wọ́n gé e ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ọjọ́ ní ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ rẹ̀, irú LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, kí ọ̀bẹ tó kan etí. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Ẹ máa fọwọ́ tọ́ ojú àpá wò fún ọdún méjì. Yíyún ló sábà máa ń ṣáájú kó tó wú. Bí ó bá ti ń yún tó sì ń le lábẹ́ ìka, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ẹ má sì lu etí yẹn mọ́, yẹtí onífífún tí kò nílò ihò wà lọ́jà.