Ẹ má tíì kùn ún o! Àṣìṣe tá a máa ń ṣe tá a bá fẹ́ jí Volkswagen Ìjàpá dìde

Tẹ́ ẹ bá rí Ìjàpá tó ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti bí ọdún mẹ́rìnlá, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀, adìyẹ ń yé sínú ẹ̀, tí ọkàn yín wá ń sọ fún yín pé "kiní yìí ṣì máa rìn o", mo mọ bó ṣe ń ṣe yín, torí bó ṣe mú èmi náà nìyẹn. Irú tí wọ́n ń pè ní 1300 ni tèmi, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ lọ́nà Badagry, níbi tí Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lọ́dún 1975. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, Sátidé nìkan ni mo fi ń ṣeré mọ́tò. Owó tí mo fi rà á ò tó nǹkan, àmọ́ owó tí mo ti ná lé e lórí, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́ létí ìyàwó mi. Ohun tí mo wá rí ni pé iṣẹ́ yẹn ò le tó bá a ṣe rò, ohun tó yẹ kó gbẹ̀yìn la máa ń fi ṣáájú.

Ọ̀dà lèmi fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo rà á ni mo ti gbé e lọ bá pénítà, wọ́n kùn ún ní búlúù, gbogbo àdúgbò ń kí mi kú oríire, mo ń ya fótò kiri. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹrà, iná yẹn mú ara búlúù mi, ó wú roro bí àkàrà inú epo, ibi tí wọ́n fi bọ́dì fílà, kiní bí ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò, dí sì tún ṣí kúrò pẹ̀lú ìpẹtà lẹ́yìn. Owó ọ̀dà wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Irin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, wáyà. Ọ̀dà á dúró dè yín, kò ní sá lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó rárá, ẹ má wo ìta. Ẹ wá òòfà kékeré kan, ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́ náà dáa, ẹ fi kan ara ọkọ̀ náà káàkiri, pàápàá etí ilẹ̀kùn nísàlẹ̀ àti ẹsẹ̀ mádígáàdì. Ibi tí irin bá wà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tó bá ti já bọ́, bọ́dì fílà ni wọ́n rọ́ síbẹ̀. Ìjàpá ọkọ Yánníbo ni, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé síìtì ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ ẹ̀ lápá ọ̀tún ni bátìrì ń gbé, omi ásíìdì tó ti ń dà síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ á ti jẹ irin ibẹ̀, lára tèmi mo rí koríko ilẹ̀ látinú ọkọ̀. Abẹ́ síìtì yẹn náà ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáásì sí, lórí irin tó gba àárín kọjá, ẹ fi wé ti inú pépà kẹ́ ẹ tó ka owó fẹ́nikẹ́ni. Tí kò bá bára mu, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Bá a ṣe wà lábẹ́ síìtì yẹn náà, mi ò lè fojú fo èyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra bátìrì tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á jù ú síbẹ̀ láìbò ó. Ọjọ́ tí ẹni tó sanra bá jókòó sẹ́yìn, sípíríǹgì síìtì á sọ̀ kalẹ̀, á kan orí méjèèjì tí bátìrì ní pọ̀, ohun tí wọ́n fi kún síìtì àtijọ́ wọ̀nyẹn sì máa ń gbaná bí ìṣáná. Ẹ wá ọmọrí ẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá rí, ẹ gé rọ́bà tó nípọn bò ó. Kò tó wákàtí kan.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ jíjí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á gbé ọkọ̀ délé lónìí, lọ́la wọ́n á ti ra bátìrì tuntun, wọ́n fẹ́ gbọ́ bóyá ó máa dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ́ńjìnnì tí kò yí láti ọdún mẹ́wàá, ọ́ìlì inú ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ tán, ríńgì lè ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà, tẹ́ ẹ bá wá fi agbára sítátà fà á, ńṣe lá máa ha ara ẹ̀. Ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ rọ ọ́ìlì díẹ̀ bíi ṣíbí ìmutíì kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọ̀túnla, kẹ́ ẹ wá fi sípánà mú nọ́ọ̀tì ojú púlì, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Epo tó ti pẹ́ nínú táǹkì náà, ẹ fà á dà nù, ó ti dà bí oje igi, á kàn lọ dí kábúrétọ̀ ni. Ẹ ṣí ilé fáànù wò pẹ̀lú. Nígbà tá a ṣí tèmi, ilé eku la bá ńbẹ̀: ewé máńgòrò gbígbẹ, òwú síìtì, àti ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé kan tí wọ́n ti já wẹ́wẹ́, mo ṣì ń rí "5 × 7" lára ọ̀kan. Ká ní mo ti jí i lọ́jọ́ yẹn, ó ti gbóná kú.

Torí pé Ìjàpá ò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, àwọn páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì ká, pẹ̀lú rọ́bà etí wọn, ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù tòkè má pàdé ooru tìsàlẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan tí kò bá ayé Ìjàpá máa ń tú wọn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní ẹrù lásán ni. Tí wọ́n bá tú u, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ dè é síbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì: lítà méjì ààbọ̀ péré ló ń gbà, wọ́n á wá da gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin sí i tán bíi ti Camry, á wá máa jò níbi gbogbo, wọ́n á ní sílì ti bàjẹ́. Fáàfù, ìdérí kéékèèké tó ń ṣí tó ń pa nínú ẹ́ńjìnnì, ńkọ́, 0.15 mm ni àyè ẹ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, àárọ̀ kùtù ló dáa jù.

Họ́ọ̀sì epo, náírà kékeré ni, ó sì ń jó odindi ọkọ̀. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ló gbà kọjá, tó bá ti gbẹ tó sì sán, epo á máa kán sórí ohun tó ń gbóná, ibi tí plọ́ọ̀gì ti ń gbaná ò sì jìnnà. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, àtẹ̀yìn àtiwájú, kẹ́ ẹ fi kílíìpù mú un. Ẹ má so fílítà epo sórí ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e kúrò níbi tí ẹ́ńjìnnì wà.

Ti páàtì, ìtìjú ni fún mi. Mo lọ sí Ládìpọ̀, ọjà páàtì mọ́tò l'Ékòó, mo ra dúrọ́ọ̀mù bíréèkì méjì, mo gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú dánfó délé, bí mo ṣe ní kí n wọ̀ ọ́ báyìí, ihò mẹ́rin ló ní, márùn-ún ni tèmi. Mi ò ka ihò kí n tó kúrò nílé! Jámánì ṣíwọ́ ṣíṣe Ìjàpá olórùlé irin lọ́dún 1978, àmọ́ Brazil, tí wọ́n ń pè é ní Fusca, ṣe é di 1986, wọ́n tún padà ṣe é láti 1993 di 1996, Mexico ló sì ṣe èyí tó gbẹ̀yìn ní 2003. Ìyẹn ni páàtì ṣe ṣì wà, òun náà ló sì fà á tí wọn ò fi bára mu. Ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà, ẹ gbé méjèèjì síra.

Bíréèkì, ká tó wakọ̀ dé géètì pàápàá, ẹ tún un ṣe. Omi máa ń wọ ọ́ìlì bíréèkì tó ti pẹ́, inú ẹ̀ á dípẹtà, họ́ọ̀sì á wú nínú láìhàn lóde. Táyà náà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 2309 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é, èyí tó bá ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí eyín ẹ̀ pọ̀ tó, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ má sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tú apá kan, ẹ ya fótò ẹ̀, ẹ di bóòtù ẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ sí i lára, kẹ́ ẹ tó kan òmíràn. Èmi rò pé orí mi pé, mo ní màá rántí. Mọ́tò yẹn ti ń rìn báyìí, mo wà á lọ kí àwọn òbí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, bóòtù méje ṣì wà nínú agolo mílíìkì lórí wíńdò mi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti jáde.